Ọwọ́ Àwáwù Mẹ́ta

Ìlú tí mo wà yìí, kò sẹ́ni tó ń jókòó sísàlẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn, kì í ṣe òtútù. Òtútù, wọ́n ti sọ fún mi nípa rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ bó iṣu, ìdúró ni màá wà. Àga ga, tábìlì ga, ibi ìdáná ga dé ìbàdí mi. Lọ́sẹ̀ tí a dé, mo dojú ike omi kan dé nínú kíṣìnì, mo jókòó lé e, mo sì ki ọ̀bẹ bọ iṣu. Bàbá Àwáwù, ìyẹn ọkọ mi, wọlé, ó dúró, ó ń wò mí.

"Kí lò ń wá nílẹ̀?"

"Ilẹ̀ náà ni mò ń wá."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ike náà fọ́ mọ́ mi nídìí.

Nílé wa ní Ṣakí, orí àpótí ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Orí àpótí la ti ń bó iṣu èlùbọ́, orí rẹ̀ la ti ń fọṣọ, orí rẹ̀ la ti ń jà, orí rẹ̀ la sì ti ń parí ìjà. Orí àpótí ni ìyá mi jókòó sí lọ́jọ́ tí mo bí Àwáwù, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó tẹ́ ọmọ náà sórí ojúgun rẹ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tí ọmọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Àpótí kékeré kan wà láàárín wọn tó jẹ́ tèmi. Bàbá mi ló kàn án fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà. Pákó igi apá mẹ́ta péré ló lò, ọ̀kan fún ìjókòó, méjì fún ẹsẹ̀, ìṣó kan sì yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa ń fa aṣọ ya. Bàbá mi kú, mo dàgbà, mo bímọ, àpótí náà sì di ti Àwáwù.

Àwáwù kò tí ì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìwé ìrìnnà èmi àti bàbá rẹ̀ jáde, tirẹ̀ kò jáde. Wọ́n ní ká máa lọ ná, pé tirẹ̀ á tẹ̀ lé wa láìpẹ́. Mo já a lẹ́nu ọmú, mo gbé e fún ìyá mi, mo lọ. Láìpẹ́ náà di ọdún mẹ́rin ó lé.

Iṣẹ́ tí mo rí wà nílé iṣẹ́ igi kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n gbà mí pé kí n máa gbálẹ̀, kí n máa kó lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ń tú sílẹ̀ dànù. Ọ̀gá mi ń jẹ́ Marek. Àlejò ni òun náà nílẹ̀ yìí, Pólàǹdì ló ti wá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì rọ̀ mí lọ́rùn ju ti àwọn onílẹ̀ lọ, nítorí pé òun náà ń ronú kó tó sọ ọ́. Máṣìn kan wà láàárín ilé iṣẹ́ náà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì ẹni mẹ́ta. Ráótà ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á ya ohun tó fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, á de pákó mọ́ orí máṣìn, irin kan tó mú bí abẹ á wá máa pòòyì, á máa rìn fúnra rẹ̀, á sì gé pákó náà gẹ́lẹ́ bí èèyàn ṣe yà á. Bí mo bá ń gbálẹ̀, máṣìn yẹn ni mò ń wò. Lọ́jọ́ kan Marek ní, "O ti gbá ibi kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wá jókòó síbí." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nìyẹn.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù.

"Ta ló wá ń di ayùn mú?" ló bi mí.

"Kò sẹ́ni tó dì í mú, Màámi."

"Kò sẹ́ni? Irin ń dá rìn, ẹ sì dúró tì í?"

"À ń wò ó ni."

"Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí."

Ohun àkọ́kọ́ tí Marek kọ́ mi ni òdo. Máṣìn náà gbọ́n, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà. Bí o bá gbé pákó sórí rẹ̀, ìwọ lo máa mú irin náà lọ sí igun pákó, kí o sọ fún un pé, ibí yìí ni òdo. Láti ibẹ̀ ló ti máa ka gbogbo nǹkan: bó ṣe máa lọ síwájú tó, bó ṣe máa wọlẹ̀ tó. Bí òdo bá yẹ̀, gbogbo ohun tó bá gé lẹ́yìn ìyẹn ti yẹ̀, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì bí mo bá ń lọ sílé. Òdo tèmi wà ní Ṣakí. Ibẹ̀ ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí níbí. Mo máa ń rí odò, màá ní kò tó odò Ògùn. Mo máa ń rí òkúta, màá ní wọn ò lè sá iṣu sórí eléyìí. Ọdún mẹ́rin, n kò tí ì sún òdo náà kúrò níbi tó wà, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹni tó fi òdo rẹ̀ síbòmíràn lè gé nǹkan kan kó rí gún.

Lọ́jọ́ kan, mo pe ìyá mi lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá Sìkírù, aládùúgbò wa, ló gbé fóònù náà.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ta nìyẹn?"

Mo kí i. Kò dá ohùn mi mọ̀.

"Ìyá Àwáwù ò sí nítòsí o. Ó wà lórí àpáta, ó ń sá iṣu. Kí n sọ pé ta ló pè?"

Èmi ni Ìyá Àwáwù. Ọjọ́ tí a sọ ọmọ yẹn lórúkọ ni ìyá mi ti pa orúkọ mi tì, tó ń pè mí bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tí mo fi ara mi ṣiṣẹ́ fún láyé nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé orúkọ náà kò bá mi wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ó dúró sí Ṣakí, ó wo ẹni tó ń pọn ọmọ náà, ó sì lọ jókòó tì í.

"Ẹ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló pè."

"Ọmọ rẹ̀ kẹ̀? Àwáwù ló ń ṣeré níwájú mi yìí!"

"Ọmọ rẹ̀ àgbà ni, Ìyá Sìkírù."

"Yéè! Ìwọ ni? Ẹ gbà mí o, ohùn ẹ ti di ti òyìnbó!"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù, mo lọ dúró sẹ́yìn ibi tí a ń to pákó sí, mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú, mo padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé pé ìwé Àwáwù ti fẹ́ jáde. Mo pè nílé, mo ní kí wọ́n fún un ní fóònù. Ọmọ náà kì í fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbé fóònù síwájú rẹ̀, á wo òkè, á wo ilẹ̀. "Mọ́mì inú fóònù" ló ń pè mí. Ó ní ìyá nílé, ó sì ní mọ́mì kan nínú fóònù, bí ọmọ ẹlòmíràn ṣe ní ọmọláńgidi.

"Àwáwù, o máa tó wá bá wa o."

"Mi ò lọ."

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Sọ pé, 'Ẹ ṣé, mà.'"

"Ẹ ṣé, mà. Mi ò lọ."

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

Ó wá bi mí ní nǹkan kan, òun tí kì í bi mí ní ohunkóhun.

"Ṣé àpótí wà níbẹ̀?"

Mo wo yàrá tí mo wà, àga gíga, tábìlì gíga.

"Ó wà."

"Irú tèmi?"

"Irú tìẹ gan-an."

"Tí mi ò bá bá a níbẹ̀, màá padà sọ́dọ̀ Ìyá o."

"Mo gbà," ni mo wí.

Irọ́ ni mo pa fún un. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún ọmọ yẹn pé ó kù díẹ̀. Bó bá dé tó sì bá irọ́ mìíràn níwájú ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé kò ní gba nǹkan kan gbọ́ lẹ́nu mi mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé kí wọ́n kúkú gbé àpótí náà bá a wá. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi.

"Tó bá lọ, tí àpótí ẹ̀ tún lọ," ni ìyá mi wí, "kí lẹ wá fẹ́ kí n máa wò?"

N kò sọ ọ́ mọ́. Mo ní, "Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n nígbà náà, Màámi. Màá ṣe irú ẹ̀ níbí."

"Kí n wọn àpótí? Ṣé o fẹ́ rán aṣọ fún un ni?"

Ìyá mi kò kàwé, nọ́ńbà orí rúlà kò yé e. Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń na ọwọ́ sórí nǹkan, láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka tó kéré jù, tí a ó máa kà á. Mo ní kó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó fèsì: "Gígùn ẹ̀, ọwọ́ mẹ́ta géérégé. Gíga ẹ̀, ọwọ́ méjì ó dín díẹ̀."

Ọwọ́ èmi àti ìyá mi dọ́gba. Bàǹgúù ọrùn ọwọ́ kan náà la jọ ń wọ̀ nígbà tí mo wà nílé. Mo na ọwọ́ mi sórí rúlà: ogún sẹ̀ńtímítà. Ọwọ́ mẹ́ta, ọgọ́ta. Ó pọ̀ lójú mi díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú orí mi, àpótí yẹn tóbi. Mo rántí pé mo máa ń fi àyà lé e, tí apá àti ẹsẹ̀ mi á máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí màá ní mò ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Marek fún mi ní pákó kan tó ṣẹ́kù, ó ní kí n lo máṣìn náà lọ́sàn-án Sátidé. Mo ya pákó mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà, ìjókòó kan, ẹsẹ̀ méjì, mo sì ya ihò sí ìjókòó kí ẹsẹ̀ lè wọnú rẹ̀ láìlo ìṣó. Mo de pákó náà, mo fi òdo hàn án, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó ké, ó rìn, ó pòòyì, lẹ́búlẹ́bú ń tú bí ìyẹ̀fun. Kò pẹ́ tó fi parí. Mo fi òòlù onírọ́bà gbá wọn wọnú ara wọn. Iṣẹ́ náà mọ́. Kò sí ìṣó tó máa fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya.

Marek wá wò ó. "Ó dára. Èèyàn mélòó ló máa jókòó síbẹ̀?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà kan."

Ó wo àpótí náà, ó wò mí. "Ẹ ń bọ́ ọmọ dáadáa lọ́dọ̀ yín."

Mo gbé e délé, mo jókòó lé e, kì í ṣe òun. Ó gùn, ó ga, bẹ́ǹṣì ni. Mo sún síbí, mo sún sọ́hùn-ún. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ kì í ṣe pákó. Mo rò pé èmi ni mo gbàgbé. Mo rò pé ọdún mẹ́rin ti wọnú ìdí mi, pé bí wọ́n bá gbé àpótí bàbá mi gan-an síwájú mi, ara mi kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Máṣìn kò ṣìṣe. Ohun tí mo sọ fún un ló gé.

Mo pe ìyá mi.

"Màámi, ṣé ọwọ́ mẹ́ta ni lóòótọ́?"

"Mẹ́ta ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àwáwù kà á."

"Àwáwù? Màámi, ta ló wọn àpótí yẹn?"

"Òun ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ò ṣeé nà mọ́," ni ìyá mi wí, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. "Láti òjò èṣí ni. Àwọn ìka ọ̀hún ti ká jọ. Ìyá Sìkírù ló ń bá mi bó iṣu, èmi ń sá a. Àwáwù ló ń bá mi so ìró."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Kí lo máa fi máṣìn ẹ ṣe sí i?"

Ìyá mi tó fi ọwọ́ yẹn wẹ̀ mí, tó fi wẹ ọmọ mi. Ọmọ tó ti di ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ mú lọ, ìyá mi kò sì sọ pé rárá, kò tiẹ̀ mí kanlẹ̀. Mo ní ká jẹ́ kí Àwáwù dúró díẹ̀ sí i. Ó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu.

"Mi ò tọ́ ọ fún ara mi. Gba ọmọ ẹ."

Mo ní kó gbé fóònù fún Àwáwù.

"Àwáwù, mú rúlà ilé-ìwé ẹ wá. Na ọwọ́ ẹ lé e lórí, gbọọrọ. Nọ́ńbà wo ni ìka ẹ kékeré dé?"

"Mẹ́rìnlá."

"Níbo ni àtàǹpàkò ẹ wà?"

"Lórí ọ̀kan."

"Ibi òdo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni òdo?"

"Ìlà àkọ́kọ́, kó tó kan ọ̀kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìdí ẹ̀."

Mo gbọ́ tí rúlà ń ha tábìlì. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ nítòsí fóònù.

"Mẹ́tàlá," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó ni tiyín?"

"Ogún."

"Háà! Ọwọ́ yín mà tóbi o. Kí lẹ fi ń ṣe?"

"Àpótí ẹ ni mò ń fi í ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí kó jẹ́ èmi ló ń rín in sí. Nígbà tó lọ, mo fi rúlà sórí tábìlì, mo ń wo àárín òdo sí mẹ́tàlá. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, ìka mi kan ló ń gbá mú, ìka náà sì kún ọwọ́ rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò síbí, mo fi ìka síbẹ̀, mo ká ọwọ́ tèmi jọ títí tó fi kéré tó tirẹ̀.

Mo tún àpótí mìíràn gé, sẹ̀ńtímítà mọ́kàndínlógójì, mo sì fi ọwọ́ ara mi ha á títí tó fi dán. Mo jókòó lé e. Orúnkún mi gòkè dé àyà, ara mi sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. N kò gbàgbé. Mo gbé méjèèjì sínú kíṣìnì, èyí tó gùn àti èyí tó kéré, mo ń retí.

Ìwé náà tún fà. Ó kọjá ọyẹ́, ó kọjá òjò àkọ́rọ̀, iṣu tuntun jáde ní Ṣakí kí Àwáwù tó dé. Obìnrin kan, ará ìlú Ìràwọ̀ nítòsí Ṣakí, tó ń bọ̀ lọ́nà wa ló bá wa mú un wá. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ káàsán, mà," bí ẹni kí olùkọ́. Kò jẹ́ kí n gba báàgì rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wọ kíṣìnì lọ tààrà, mo sì tẹ̀ lé e.

Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú àpótí kékeré náà, ó dojú rẹ̀ dé.

"Ìṣó ẹ̀ dà?"

"Kò ní ìṣó."

"Tèmi ní ìṣó."

Ó dá a dúró padà. Ó na ọwọ́ lé e, láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka tó kéré jù. "Ọ̀kan. Méjì." Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ kọjá etí pákó, ó wà nínú afẹ́fẹ́.

"Kò pé," ló wí. Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ ní irú ẹ̀ gan-an ni."

Mo sáré mú rúlà wá. N kò sọ ohun tó máa ṣe fún un. Ó fi àtàǹpàkò sórí òdo fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mẹ́rìnlá." Ó yí ọwọ́ náà padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo ẹ̀yìn. "Ṣé ti ọ̀dọ̀ Ìyá náà ò ní pé mọ́?"

"Kò ní pé mọ́. Ìwọ lo dàgbà."

Ó ronú sí i. Ó dìde kúrò nídìí àpótí kékeré náà, ó lọ sí èyí tó gùn, èyí tí mo ṣì gé, ó sì jókòó sí òpin rẹ̀ kan pẹ̀lú báàgì rẹ̀ láyà. Mo dúró síbi tí mo wà. Fóònù mi ké.

"Ìyá Àwáwù."

Ohùn ìyá mi ni. Mo rò pé ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, mo sì dúró kó parí.

"Ìyá Àwáwù, ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo ń gbọ́, Màámi."

"Ìyá Sìkírù pè mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí, mi ò dá a lóhùn. Mo ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti gbà á."

"Kí ni wọ́n á wá máa pè yín?"

"Wọ́n á rí nǹkan pè mí." Mo gbọ́ adìyẹ tó ń ké lágbàlá wa. "Ṣé ó ti jókòó?"

"Ó ti jókòó."

"Sórí tiẹ̀?"

"Rárá. Sórí èyí tó gùn."

"Jókòó tì í," ni ìyá mi wí.

Mo jókòó.